Mobil 1 0W-40 nínú Golf GTI mi, àti ọ̀rọ̀ sítíìmù

Ẹ̀yin tẹ́ ẹ ń wa mọ́tò túbò, ìyẹn èyí tó ní ẹ̀rọ tó ń fẹ́ atẹ́gùn sínú ẹ́ńjìnnì, ẹ jẹ́ n sọ̀rọ̀ ọ́ìlì yìí dáadáa, torí ó ń ká mi lára bí wọ́n ṣe ń da 20W-50, ọ́ìlì tó ki yẹn, sínú gbogbo mọ́tò láìbéèrè irú ẹ́ńjìnnì tó wà níbẹ̀. Golf 6 GTI lèmi ń wà, 2.0 TSI, ẹ́ńjìnnì pẹ́tíróòlù Volkswagen tó ní túbò, Èkó ni mò ń gbé, mo sì máa ń gba Ẹsipirẹ́ẹ̀sì lọ Ìbàdàn. Mobil 1 0W-40 ni mò ń lò, ó tẹ́ mi lọ́rùn gan-an.

Kì í ṣe torí orúkọ o. Ẹ wo ẹ̀yìn kéègì ẹ̀, ẹ máa rí VW 502 00, nọ́ńbà tí Volkswagen fi ń fọwọ́ sí ọ́ìlì, òun gan-an ni ìwé tó bá mọ́tò wá ń bèèrè. Tẹ́ ò bá rí nọ́ńbà yẹn lára ọ́ìlì, ẹ dá a padà, ì báà jẹ́ òun ló wọ́n jù ní ṣọ́ọ̀bù. Ọ̀gá mẹkáníìkì mi ní 0W ti ṣàn jù fún ooru Èkó, mo ní ọ̀gá, 0W yẹn, ìgbà tí ẹ́ńjìnnì bá tutù ló ń sọ, 40 ló ń sọ bó ṣe máa ki tó tó bá gbóná. Ohun tí mo fẹ́ ni kó tètè dé túbò láàárọ̀, torí nǹkan yẹn lè yí ju ìgbà 150,000 lọ ní ìṣẹ́jú kan, ọ́ìlì nìkan ló ń jẹ́ kí àwọn irin inú ẹ̀ má ha ara wọn. Láti ìgbà tí mo ti ń lò ó, ẹ́ńjìnnì ń dún jẹ́ẹ́ láàárọ̀, abẹ́ ìdérí ọ́ìlì mọ́, kò sí ẹrẹ̀ dúdú kankan. Ó ṣì ń mu ọ́ìlì díẹ̀ o, ẹ máa fa ọ̀pá tí wọ́n fi ń wọn ọ́ìlì yọ wò déédéé.

Sítíìmù wá ńkọ́, ìyẹn kẹ́ ẹ tan mọ́tò sílẹ̀ láàárọ̀ kó gbóná kẹ́ ẹ tó wà á? Ìṣẹ́jú márùn-ún àárọ̀ yẹn, ẹ fi sílẹ̀. Pẹ́tíróòlù máa ń jò wọnú ọ́ìlì tí ẹ́ńjìnnì tó tutù bá ń ṣiṣẹ́ pẹ́ lójú kan, pàápàá nínú ẹ́ńjìnnì TSI. Ẹ tan án, ẹ de bẹ́líìtì, ẹ máa lọ, ṣùgbọ́n ẹ má tẹ ìná títí ọ́ìlì á fi gbóná, ó sì máa ń pẹ́ ju omi lọ kó tó gbóná. Àṣálẹ́ ló yẹ kẹ́ ẹ ṣọ́ra. Tẹ́ ẹ bá ti sáré bọ̀ lórí Ẹsipirẹ́ẹ̀sì tẹ́ ẹ wá yà sí fílíństeṣọ̀n, ẹ dúró bíi ìṣẹ́jú kan kẹ́ ẹ tó pa á, torí tẹ́ ẹ bá pa á lójijì ọ́ìlì ò ní ṣàn mọ́, èyí tó kù nínú túbò tó gbóná á jóná, á di èédú, á dí ọ̀nà ọ́ìlì. Èmi máa ń rọra wakọ̀ láti Berger dé ilé, túbò á ti tutù díẹ̀, tí mo bá dé mo kàn ń pa á ni. Tẹ́ ẹ bá gbọ́ tí nǹkan ṣì ń dún lẹ́yìn tẹ́ ẹ pa á, ẹ má bẹ̀rù, ẹ̀rọ kékeré kan ló ń gbé omi yí ká túbò kó lè tutù.

Gosiló gan-an ni ìṣòro. Lórí Third Mainland, ẹ́ńjìnnì lè ṣiṣẹ́ fún wákàtí méjì kí kìlómítà má pọ̀ rárá, nítorí náà kìlómítà 5,000 ni mo fi ń pààrọ̀ ọ́ìlì, mi ò dúró de 10,000.

Ẹ rà á ní fílíństeṣọ̀n Mobil fúnra ẹ̀, ẹ má ra ti ẹ̀bá ọ̀nà. Tẹ́ ẹ bá sì dà á tán, ẹ fi ọ̀bẹ lu kéègì yẹn kẹ́ ẹ tó jù ú nù, àwọn tó ń rọ ayédèrú ń wá a kiri.