Láti Ìlọrin dé Gembu lójú títì: bọ́ọ̀sì tó tà wá, awakọ̀ tó gbé wa gun òkè, àti ilé tí a sùn sí

Ní ìparí oṣù kẹwàá tó kọjá ni èmi àti ìyá mi gbéra láti Ìlọrin, tí a forí lé Gembu lórí òkè Mambilla ní ìpínlẹ̀ Taraba. Ìkómọ ló gbé wa lọ. Àbúrò mi ọkùnrin ń ṣiṣẹ́ olùkọ́ níbẹ̀, ìyàwó rẹ̀ sì sọ̀ kalẹ̀ láyọ̀, ó bí ọkùnrin. Ìyá mi ti lé ní ẹni àádọ́rin ọdún, wọ́n sì ní ẹ̀jẹ̀ ríru, ṣùgbọ́n wọ́n ní ojú àwọn ni a ó ti sọ ọmọ náà lórúkọ, ọ̀rọ̀ sì parí síbẹ̀. Ohun mẹ́ta ni a sanwó fún lójú ọ̀nà yìí: bọ́ọ̀sì láti Ìlọrin dé Jalingo, ọkọ̀ tó gbé wa gun òkè láti Jalingo dé Gembu, àti ilé àlejò tí a sùn sí. Ìkejì ni n óò sọ̀rọ̀ lé lórí jù, nítorí pé ibẹ̀ ni ẹ̀mí èrò ti wà lọ́wọ́ awakọ̀ pátápátá, awakọ̀ tí a bá pàdé níbẹ̀ sì mọ iṣẹ́ rẹ̀ délẹ̀délẹ̀. Ẹni tí owó rẹ̀ bá mọ níwọ̀n lè fi ọwọ́ mú un níbi gbogbo, ṣùgbọ́n kí ó má ṣe ṣọ́ ọ ná lórí ọkọ̀ òkè.

Bọ́ọ̀sì Ìlọrin kò dùn mọ́ mi nínú. Ní gáréèjì, ẹni tó já tíkẹ́ẹ̀tì fún wa fi ẹnu ara rẹ̀ sọ pé ọkọ̀ kan náà ni yóò gbé wa dé Jalingo, pé alẹ́ ọjọ́ kan péré ni a ó sùn lójú ọ̀nà. Mo san owó èèyàn méjì, mo sì san owó ẹrù: àpò elùbọ́ kan, ike wàrà díndín, àti àpótí tí ìyá mi kó aṣọ òfì ọmọ tuntun sí. A gba Àjàṣẹ́-Ìpo, Ọ̀mù-Àrán, Ẹ̀gbẹ̀ àti Kàbbà dé Lọ́kọ́ja láìsí wàhálà, awakọ̀ náà kò sì sá eré àsápajúdé. Ṣùgbọ́n nígbà tí a dé ẹ̀yìn Àbújá ní nǹkan bí aago mẹ́rin ìrọ̀lẹ́, ó yà sí gáréèjì kan, ó sọ̀ kalẹ̀, ó sì tà wá fún ọkọ̀ mìíràn. Àwa mẹ́ta péré la kù tó ń lọ sí Jalingo, ó ní òun kò lè torí èèyàn mẹ́ta jó epo. Onímọ́tò kejì ní kí a tún owó ẹrù san, mo sì san án, nítorí pé ilẹ̀ ti ń ṣú lọ, n kò sì lè mú àgbàlagbà obìnrin dúró lẹ́bàá títì kí n máa jà. Mo pe nọ́ńbà tó wà lára tíkẹ́ẹ̀tì; wọ́n ní awakọ̀ ló mọ ohun tó ṣe. Owó náà kọ́ ló dùn mí jù. Ká ní wọ́n sọ òótọ́ fún wa ní Ìlọrin ni, à bá wọ ọkọ̀ Àbújá lásán, à bá sùn sọ́dọ̀ ẹbí wa níbẹ̀, kí a tó wọ ọkọ̀ Jalingo láàárọ̀ ọjọ́ kejì. Bí mo ṣe ń gba gbogbo ẹni tó bá bi mí nímọ̀ràn nìyẹn báyìí.

Lafia ni a sùn. Láti ibẹ̀, ọ̀nà gba Makurdi, níbi tí a ti gun afárá odò Benue, ó gba Katsina-Ala àti Zaki-Biam bọ́ sí Wukari. Ìjà ti wà ní apá ibẹ̀ láàárín àwọn Tiv àti àwọn Jukun láti ọdún pípẹ́. Ẹ má ṣe rin ín lóru, kí ẹ sì bèèrè ìròyìn ọ̀nà lọ́wọ́ ẹni tó ń gbé ibẹ̀ kí ẹ tó gbéra. Ojúmọ́ ni àwa fi rìn ín, a sì dé Jalingo kí oòrùn tó wọ̀.

Àbúrò mi ló fún wa ní nọ́ńbà awakọ̀ òkè. Fúlàní ni, ọmọ Gembu, kò sì ju ẹni ogójì ọdún lọ. Ó wá bá wa níbi tí a wọ̀ sí ní Jalingo lálẹ́ ọjọ́ tí a dé. Kò wá gba owó o. Ó wá wo ẹrù, ó sì wá wo ìyá mi. Ó lóṣòó kí wọn, ó ń pè wọ́n ní Hajiya, ìyá mi sì dá a lóhùn ní èdè Háúsá tí wọ́n ti fi ta aṣọ òfì láti ìgbà èwe wọn. Ó bi wọ́n bóyá èébì máa ń gbé wọn nínú ọkọ̀, oògùn wo ni wọ́n ń lò, àti bí wọ́n ṣe máa ń fẹ́ sọ̀ kalẹ̀ tó lójú ọ̀nà. N kò tíì rí awakọ̀ tó bi èrò ní irú ìbéèrè bẹ́ẹ̀ rí. Owó tó pè fún ọkọ̀ odindi, láìgbé ẹlòmíràn mọ́ wa, ju gbogbo èyí tí èmi àti ìyá mi san láti Ìlọrin lọ. Mo ná an títí, díẹ̀ ló sọ̀ kalẹ̀, mo sì gbà.

Kí ilẹ̀ tó mọ́ tán ní ọjọ́ kejì, mo bá a lábẹ́ ọkọ̀. Sharan àtijọ́ ni, ọ̀dà ara rẹ̀ ti ń ṣí, ṣùgbọ́n táyà mẹ́rẹ̀ẹ̀rin dà bí èyí tí a ṣẹ̀ṣẹ̀ rà. Ó ti tú táyà iwájú kan sílẹ̀, ó sì pè mí kí n wá fi ojú ara mi rí bíréèkì tí ó ṣẹ̀ṣẹ̀ pààrọ̀. Ó ní ẹni tó bá máa gun òkè yẹn ní ẹ̀tọ́ láti rí i.

A gba Bali dé Serti, níbi tí olú ilé iṣẹ́ ọgbà ẹranko Gashaka-Gumti wà, ọgbà tó tóbi jù nínú irú rẹ̀ ní Nàìjíríà. Apá ibẹ̀ náà ni Chappal Waddi wà, òkè tó ga jù ní orílẹ̀-èdè wa, tí gíga rẹ̀ jẹ́ mítà 2,419. Ní Serti, ooru ṣì ń mú wa bíi ti Ìlọrin. Lẹ́yìn rẹ̀ ni Mayo Selbe, ní ẹsẹ̀ òkè gan-an, níbi tí awakọ̀ wa ti pa ẹ́ńjìnnì, tó ní kí a jẹun, kí a sì sinmi. Ó ṣí iwájú ọkọ̀, ó dúró kí rédíétọ̀ tutù, ó rọ omi sí i, ó di kẹ́ẹ̀gì omi méjì sẹ́yìn, ó sì ti igi kan tí a gbẹ́ ní onígun mẹ́ta sí ẹsẹ̀ ọmọkùnrin tó ń bá a ṣiṣẹ́.

Òkè Mambilla kì í ṣe òkè ṣóńṣó kan ṣoṣo bíi Ṣóbì wa. Ilẹ̀ gbalasa ni, tó ga sókè bí orí tábìlì. Ó tó nǹkan bíi mítà 1,600 láti ojú òkun, nígbà tí Ìlọrin wà ní nǹkan bíi mítà 300. Etí tábìlì yẹn ni ọ̀nà ní láti gùn, ó sì dúró bí ògiri. Nítorí náà, ọ̀nà kò lè gùn ún lọ́gbọọrọ. Ó ń lọ́ bí ejò ni, kọ́nà kan kò tíì tán tí òmíràn fi ń bẹ̀rẹ̀, àpáta ní apá kan, ọ̀gbun ní apá kejì. Ní àwọn ibòmíràn, òjò ti fọ ọ̀dà títì lọ, ilẹ̀ pupa nìkan ló kù. Jíà kìíní àti ìkejì ni awakọ̀ wa fi rìn ín. Ó ń fọn fèrè kí ó tó dé kọ́nà kọ̀ọ̀kan, ó sì ń yà sẹ́gbẹ̀ẹ́ dúró fún gbogbo ọkọ̀ akẹ́rù tó ń sọ̀ bọ̀, nítorí pé ẹni tó ń ti òkè bọ̀ pẹ̀lú ẹrù kò lè dúró nígbà tó bá wù ú.

Ní kọ́nà kan tí ẹrẹ̀ wà, ọkọ̀ fẹ́ yọ̀ padà sẹ́yìn. Kí n tó pe orúkọ Ọlọ́run tán, ọmọkùnrin náà ti bẹ́ sílẹ̀, ó ti fi igi yẹn sé táyà ẹ̀yìn, awakọ̀ sì wo ìyá mi nínú dígí, ó ní, “Hajiya, ẹ fọkàn balẹ̀, kò ní lọ síbì kankan.” Kò lọ síbì kankan lóòótọ́. Mo ṣì ń rí igi náà lójú mi: ó ti dúdú fún epo àti erùpẹ̀, ojú ibi tí táyà ti máa ń jẹ ẹ́ sì ti jìn bí àwo kékeré.

Nígbà tí a gùn ún dé nǹkan bí ìdajì, kùrukùru bò wá, n kò rí imú ọkọ̀ mọ́. Ọkọ̀ kan tó wà lẹ́yìn wa fọn fèrè, ó yà wá sílẹ̀, ó lọ. Awakọ̀ wa wá ibi tí ọ̀nà ti fẹ̀, ó fi ọkọ̀ ti ẹ̀gbẹ́ àpáta, ó tan iná ọkọ̀ sílẹ̀, ó sì pa ẹ́ńjìnnì. Ó ní a kò ní kúrò níbẹ̀ àfi bí òun bá rí òkúta funfun kan tó wà níwájú. Èmi kò tilẹ̀ mọ̀ pé òkúta kankan wà níbẹ̀. A dúró fún wákàtí kan àti ogún ìṣẹ́jú. Inú bí mi, nítorí mo fẹ́ kí a dé kí ilẹ̀ tó ṣú, mo sì sọ ọ́ fún un ju ẹ̀ẹ̀kan lọ. Kò dá mi lóhùn, àmọ́ kò ṣí ẹ́ńjìnnì náà. Nígbà tí kùrukùru ká, òkúta funfun yọ síwájú wa, kò jìnnà ju ogún ìṣísẹ̀ lọ, ọ̀gbun sì bẹ̀rẹ̀ lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀ gan-an. Mo tọrọ àforíjì lọ́wọ́ rẹ̀.

Ibi tí a dúró sí yẹn ni mo ti mú ọ̀rá bisikíìtì tí mo rà ní Jalingo, mo bá a tó ti wú, tó le gbandi. Ìyá mi rò pé ó ti bàjẹ́. Kò bàjẹ́: afẹ́fẹ́ ìsàlẹ̀ ni a dé mọ́ inú rẹ̀, èyí tó wà níta lórí òkè sì fúyẹ́ jù ú lọ, kò lè tẹ̀ ẹ́ bíi ti tẹ́lẹ̀ mọ́. Ohun kan náà ló ń dí wa létí. Bí ẹ bá gbé itọ́ mì tàbí tí ẹ bá yán, yóò là. Ní ti ẹ̀jẹ̀ ríru ìyá mi, dókítà ti yẹ̀ wọ́n wò ní Ìlọrin kí a tó gbéra, ó sì ṣàlàyé pé àìsàn òkè gíga sábà máa ń bẹ̀rẹ̀ láti bíi mítà 2,500 lọ sókè, ibi tí à ń lọ kò sì tó bẹ́ẹ̀. Kí ẹni tó bá ní àìsàn ọkàn tàbí ti ẹ̀dọ̀fóró ṣáà rí dókítà tirẹ̀ ná.

Nígbà tí a yọ sókè, koríko ló lọ salalu, màlúù ń jẹ̀ káàkiri, igi yukalípítọ́ọ̀sì tò lẹ́bàá ọ̀nà. Òtútù kọlù wá. Ní gbogbo ẹgbẹ̀rún mítà tí èèyàn bá gùn, ooru afẹ́fẹ́ máa ń fi nǹkan bíi ìwọ̀n Celsius 6.5 dín kù. Ẹni tó kúrò ní ibi gíga bíi ti Ìlọrin, tó dé orí Mambilla, ti pàdánù tó mẹ́jọ. Súwẹ́tà kan péré ni mo mú dání, kò sì tó. Ìyá mi ṣí àpótí, wọ́n fa òfì ọmọ tuntun yọ, wọ́n fi bora láti ibẹ̀ gba Maisamari àti Nguroje dé Gembu.

Ilé àlejò tí a sùn sí mọ́ tónítóní, bùláńkẹ́ẹ̀tì méjì wà lórí bẹ́ẹ̀dì kọ̀ọ̀kan, wọ́n sì ń gbé omi gbígbóná wá láàárọ̀ láìjẹ́ pé a bèèrè. Wọn kò sọ fún wa pé aago mẹ́wàá alẹ́ ni wọ́n ń pa jẹnẹrétọ̀. Inú òkùnkùn ni ìyá mi ti wá oògùn wọn lálẹ́ àkọ́kọ́, èyí kò sì dára. Tíì tí wọ́n fi gbà wá lálejò, orí òkè náà ló ti hù, nítorí pé ní Kakara ni oko tíì àti ilé iṣẹ́ tó ń ṣe Highland Tea wà. Ó dùn jù nígbà tí wọ́n bu wàrà màlúù tútù sí i. Ẹni tó bá fẹ́ dáná fúnra rẹ̀ kí ó mú sùúrù: omi ti ń hó ní nǹkan bíi ìwọ̀n Celsius 95 níbẹ̀ dípò 100, ẹ̀wà ìkómọ wa sì pẹ́ lórí iná ju bó ṣe máa ń pẹ́ nílé lọ. Kí ẹ sì ti gba owó tó pọ̀ tó lọ́wọ́ láti Jalingo.

A ti bá awakọ̀ dá ọjọ́ tí yóò wá gbé wa. Aago mẹ́fà àbọ̀ ni a fi sí. Nígbà tí mo ṣí fèrèsé ní aago mẹ́fà, ó ti ń rọ omi sínú rédíétọ̀. Sísọ̀ òkè náà léwu ju gígùn rẹ̀ lọ, nítorí pé bíréèkì tí a bá tẹ̀ mọ́lẹ̀ pẹ́ yóò gbóná títí, kò ní mú mọ́. A kọjá lẹ́gbẹ̀ẹ́ ọkọ̀ akẹ́rù kan tí èéfín ń rú ní wíìlì rẹ̀, òórùn bíréèkì tó ń jó sì gba gbogbo ojú ọ̀nà. Tiwa kò rùn. Jíà kékeré ni ó fi ń fa ọkọ̀ sẹ́yìn, ó ń tẹ bíréèkì díẹ̀díẹ̀, ó ń jù ú sílẹ̀, ó sì dúró lẹ́ẹ̀mejì kí ó tutù.

Ní Jalingo, iye tí a dá ni ó gbà, kò fi kọ́bọ̀ kan lé e. Ìyá mi gbé elùbọ́ tó ṣẹ́kù fún un, ó ní “useko”, ó dúpẹ́, ṣùgbọ́n kò mọ ohun tí wọ́n ń fi í ṣe. Ìyá mi dúró nínú gáréèjì yẹn, wọ́n ń fi Háúsá ṣàlàyé bí ìyàwó rẹ̀ yóò ṣe ro àmàlà fún un, pé kí omi hó dáadáa kí ó tó da elùbọ́ sí i, pé kí ó má ṣe gbé ọwọ́ kúrò lára orógùn, òun náà sì ń tún un sọ lẹ́yìn wọn ní ọ̀kọ̀ọ̀kan títí tí ọkọ̀ Lafia fi kún.