Àpò PICS: ó ń pa kòkòrò, àmọ́ kì í mú àgbàdo gbẹ

Ẹgbẹ́ alájẹṣẹ́kù tó bá fẹ́ di ẹ̀wà tàbí àgbàdo pamọ́ títí ọjà á fi gbówó lórí, kí wọ́n ra àpò PICS, ìyẹn àpò ìkó-oúnjẹ-pamọ́ tí afẹ́fẹ́ kì í ráyè wọ̀ bí wọ́n bá ti dì í. Owó rẹ̀ ju ti àpò lásán lọ dáadáa, àmọ́ ó ṣeé lò ju ọdún kan lọ bí kò bá lu.

Ọ̀rá méjì ló wà nínú rẹ̀, ọ̀kan nínú èkejì, àpò híhun ló bo ìta. (Kí ẹ tó sanwó, ẹ fa ọ̀rá méjèèjì jáde kí ẹ fojú rí wọn.) Yunifásítì Purdue ní Amẹ́ríkà ló ṣe é, nígbà tí wọ́n ń wá ohun tí wọ́n á fi gba ẹ̀wà àwọn àgbẹ̀ Kamẹrúùnù lọ́wọ́ kòkòrò. Kò sí oògùn níbẹ̀: kòkòrò tó bá bá ẹ̀wà wọlé á lo afẹ́fẹ́ inú rẹ̀ tán, á sì kú. Ẹni tó bá mọ ohun tí wọ́n ń wọ́n sí ẹ̀wà lọ́jà á mọyì ìyẹn.

Dídì rẹ̀ ló gba sùúrù. Ẹ máa tẹ ẹ̀wà mọ́lẹ̀ bó ṣe ń kún, kí ẹnu ọ̀rá ṣẹ́ kù tó ìbú àtẹ́lẹwọ́ mẹ́ta. Ẹ fún afẹ́fẹ́ jáde, ẹ lọ́ ọrùn rẹ̀, ẹ ṣẹ́ ẹ po, kí ẹ dì í pinpin. Lẹ́yìn náà lẹ ó ṣe ọ̀rá kejì bẹ́ẹ̀, kí ẹ tó di àpò ìta. Kíkó ọ̀rá méjèèjì dì pọ̀ lẹ́ẹ̀kan ló ń bà á jẹ́.

Àgbàdo àkọ́rọ̀ gan-an ni wàhálà. Inú òjò là ń kórè rẹ̀ láyìíká Ìbàdàn. Omi tó bá bá a wọ àpò kò níbi tó máa gbà jáde, ṣe ló máa bu. Ẹ da iyọ̀ gbígbẹ sínú ìgò gbígbẹ, ẹ bu àgbàdo sí i, ẹ dé e, ẹ mì ín dáadáa, kí ẹ fi í sílẹ̀ fún bí ìṣẹ́jú 15. Bí iyọ̀ bá lẹ̀ mọ́ ìgò, àgbàdo ò tíì gbẹ. Ẹgbẹ́ tí kò níbi ìsá-nǹkan tó ní òrùlé, kí wọ́n fi àpò yìí sílẹ̀ de àrọ̀kúrò, tí ọyẹ́ máa ń bá wọn gbẹ.

Eku náà ń lu ú. Ẹ gbọn ìta àpò kí hóró kan má lẹ̀ mọ́ ọn, ẹ tò ó sórí pákó, kó má kan ògiri. Bí ẹ bá fẹ́ tún un lò, ẹ fẹ́ afẹ́fẹ́ kún ọ̀rá, kí ẹ máa tẹ̀ ẹ́ súnmọ́ ẹ̀rẹ̀kẹ́. Ibi tó lu á fẹ́ sí yín lójú.

Kí akọ̀wé kọ ọjọ́ tí wọ́n dì í sára àpò kọ̀ọ̀kan, kó sì ya ẹyọ kan sọ́tọ̀ tí wọ́n á máa ṣí han àwọn oníbàárà tó bá ti Bódìjà wá. Ẹ má fọwọ́ kan ìyókù kó tó pé oṣù méjì.