GeoGebra àti igun pọ́lígọ̀n: ọ̀rọ̀ 1260 dígírì

Mi ò fẹ́ ṣàlàyé GeoGebra lọ títí: sọ́fítíwìà tí a fi ń ya àwòrán ìṣirò, tí a sì fi ń wọn igun ni. Ẹni tó bá ń kọ́ àwọn ọmọ SS ní ìṣirò ti gbọ́ orúkọ rẹ̀, ó sì ṣeé ṣe kó ti lò ó. Ọ̀rọ̀ 1260 dígírì ló gbé mi dé ibí.

Onígun márùn-ún ló wà lójú ògiri, pùrójẹ́tọ̀ gbé e síbẹ̀ kí gbogbo kíláàsì lè rí i. Bí ìwé ìtọ́sọ́nà tí ilé ìtajà fún wa ṣe là á sílẹ̀ gẹ́lẹ́ ni mo ṣe é: mo mú irinṣẹ́ Polygon, mo tẹ A lókè, B lápá ọ̀tún, C àti D nísàlẹ̀, E lápá òsì, mo wá padà tẹ A kí àwòrán lè pa dé. Mo mú irinṣẹ́ Angle, mo tẹ inú àwòrán náà lẹ́ẹ̀kan, torí ìyẹn nìkan ti tó láti mú gbogbo igun rẹ̀ jáde. Wọ́n jáde lóòótọ́, àmọ́ ẹ̀yìn òde ni gbogbo wọn wà, kò sì sí ọ̀kan tí kò ju 180 lọ. Bẹ́ẹ̀ 540, ìyẹn àpapọ̀ igun inú onígun márùn-ún, ni mo ti kọ sójú pátákó ṣáájú. Àwọn ọmọ fi ẹ̀rọ ìṣirò ro ti ojú ògiri pọ̀, ó di 1260. Ọ̀kan nínú wọn ní, “Sà, ṣé ti pátákó la máa kọ ni àbí ti kọ̀ǹpútà?” Gbogbo kíláàsì bú sẹ́rìn-ín.

Ilé ìtajà tó kó kọ̀ǹpútà wa wá ló fi sọ́fítíwìà náà sí i, wọ́n sì ń gba owó license àti àbójútó lọ́dọọdún. Mo ní ẹ jẹ́ kí n jẹ owó àbójútó yẹn, ni mo bá pè wọ́n. Obìnrin tó gbé fóònù mọ ọ̀rọ̀ sọ, kí n má purọ́. “Ẹ má bínú sà, ẹ pa á, kí ẹ tún un tàn.” Mo pa á, mo tàn án: 1260. “Ẹ jẹ́ kí n gbé fóònù fún ọ̀gá wa.” Ọ̀gá ò béèrè bí a ṣe ya àwòrán náà, kò béèrè iye tó yẹ kó jáde. Ohun tó mọ̀ ni pé license wa ti fẹ́ parí, òun ló fi ń ṣiṣẹ́ ségesège. License wo? Markus Hohenwarter ló bẹ̀rẹ̀ GeoGebra ní 2001 ní Yunifásítì Salzburg ní Austria, ọ̀fẹ́ sì ni títí dòní fún olùkọ́ àti akẹ́kọ̀ọ́ tí kò bá fi ṣòwò. Mo sọ bẹ́ẹ̀ fún un. Ó ní, “Bọ̀dá, ti ọ̀fẹ́ yẹn kì í ṣe original.”

Inú bí mi débi pé mo gbé fóònù sílẹ̀ láì dágbére.

Wọ́n wá rán ọmọkùnrin kan wá pẹ̀lú flash. Ó yọ Classic 5, ẹ̀dà GeoGebra tó ti pẹ́, kúrò, ó fi Classic 6, ẹ̀dà tó tẹ̀ lé e, sí i. Tẹ́ ẹ bá ní kọ̀ǹpútà àtijọ́ tí RAM rẹ̀ ò ju 2GB lọ, ẹ má jẹ́ kí ẹnikẹ́ni ṣe èyí fún yín, torí Classic 5 fúyẹ́ jù ú lọ, kò sì nílò íntánẹ́ẹ̀tì tó bá ti wọlé tán. Ọmọ náà ṣí àwòrán tí a ti tọ́jú: 1260. Ó wò mí, mo wò ó. Ó ní, “Sà, wọn ò kọ́ wa ní eléyìí.” Òtítọ́ nìyẹn, mo sì gbà á. Kó tó lọ ó wọ abẹ́ tábìlì, ó tún wáyà tó ti já so láì jẹ́ pé ẹnikẹ́ni bẹ̀ ẹ́.

Ohun tó ṣẹlẹ̀ gan-an rèé. Òdì sí bí ọwọ́ aago ṣe ń yí ni GeoGebra fi ń wọn igun. Ìwé ilé ìtajà sì ní ká lọ láti òkè sí ọ̀tún, sí ìsàlẹ̀, sí òsì: bí aago ṣe ń yí gẹ́lẹ́. Apá kejì igun kọ̀ọ̀kan ló wá ń wọ̀n. Igun inú àti apá kejì rẹ̀ jẹ́ 360 lápapọ̀. Ibi márùn-ún jẹ́ 1800. Ẹ yọ 540 kúrò níbẹ̀, 1260 ló kù. Sọ́fítíwìà ò ṣi ẹyọ kan.

Tẹ́ ẹ bá tẹ A lókè, kẹ́ ẹ kọ́kọ́ lọ sápá òsì, ọ̀rọ̀ parí. Irinṣẹ́ Regular Polygon kì í dá wàhálà yìí sílẹ̀, torí òun fúnra rẹ̀ ló ń ya àwòrán lódì sí aago. Àwọn kan á ní kẹ́ ẹ lọ sí Object Properties, kẹ́ ẹ fi Angle Between sí 0° sí 180°. Ó ń ṣiṣẹ́, títí tí ọmọ kan fi máa fa àmì orí igun kan, bí A tàbí B, wọnú. Onígun mẹ́rin tó rí bí orí ọfà, tí igun rẹ̀ kan jẹ́ 250, tí mẹ́ta yòókù jẹ́ 110 lápapọ̀, máa fi 110 hàn níbi tó yẹ kí 250 wà. Àpapọ̀ á di 220 dípò 360, ẹ ó sì tún padà sídìí ẹ̀rín.

Ẹ ṣọ́ Rounding náà, ibi tí a ti ń yan iye ẹ̀sún (decimal) tó máa hàn. Onígun méje tí ẹ̀gbẹ́ àti igun rẹ̀ dọ́gba, tẹ́ ẹ bá ní kó má fi ẹ̀sún kankan hàn, á kọ 129 sí igun kọ̀ọ̀kan. Ọmọ tó bá ro ó pọ̀ á rí 903. Tẹ́ ẹ bá fi í sí ẹ̀sún méjì, á kọ 128.57, ó di 899.99. Èmi máa ń fi 903 yẹn ṣe ìbéèrè ni: kí ló dé tí kò jẹ́ 900?

Ibi tí mo ti dárí ji gbogbo wọn ni igun ìta, ìyẹn igun tó wà láàárín ẹ̀gbẹ́ tí a fà kọjá àti ẹ̀gbẹ́ tó tẹ̀ lé e. Ẹ ya pọ́lígọ̀n lódì sí aago. Ẹ fi irinṣẹ́ Ray fa ìlà láti A gba B kọjá, láti B gba C kọjá, kẹ́ ẹ ṣe bẹ́ẹ̀ yíká. Ẹ má kàn gbé àmì sórí ìlà láti fi wọn igun. Reflect about Point ni kẹ́ ẹ lò, kẹ́ ẹ fi B yí A padà sí òdìkejì. Àmì tuntun yẹn, A′, kò ní bọ́ sí ẹ̀yìn B láé, bó ti wù kí wọ́n fa àwòrán náà tó. Ẹ mú Angle, ẹ tẹ A′, lẹ́yìn náà B, lẹ́yìn náà C. Ẹ ṣe gbogbo rẹ̀ yíká, kẹ́ ẹ yọ Show Label kúrò lára àwọn àmì kí orúkọ wọn má baà gun ara wọn.

Ẹ wá yí kẹ̀kẹ́ orí máòsì kí àwòrán máa súnkì. Pọ́lígọ̀n ń kéré sí i, àmọ́ àmì aláwọ̀ ewé tó ń fi igun hàn kì í kéré pẹ̀lú rẹ̀, torí ìwọ̀n kan náà ló máa ń ní lójú kọ̀ǹpútà. Wọ́n á máa sún mọ́ra, wọ́n á fara kanra, títí pọ́lígọ̀n fi máa di ẹyọ tóótó kan, tí gbogbo igun ìta á sì yí i ká di òbìrí kan ṣoṣo. 360 nìyẹn, ẹnikẹ́ni ò tíì kọ fọ́múlà. Kíláàsì tó ń rẹ́rìn-ín tẹ́lẹ̀ dákẹ́, ẹnì kan wá ní, “Ẹ ṣe é lẹ́ẹ̀kan sí i, sà.” Pẹ̀lú onígun mẹ́jọ, òbìrí yẹn náà ni. Látìgbà náà, tí ìbéèrè WAEC bá ní igun inú kọ̀ọ̀kan jẹ́ 150, ẹ̀gbẹ́ mélòó ni, wọn ò wá fọ́múlà (n−2)×180 kiri mọ́: 30 ni igun ìta, 360 pín sí 30, ẹ̀gbẹ́ 12.

(Tí àmì kan bá wọnú, àpapọ̀ á fò láti 360 sí 720, torí sọ́fítíwìà ò lè kọ −30, ó máa kọ 330. Ẹ sọ ọ́ fún wọn kí wọ́n tó rí i.)

Máàkì: GeoGebra, 3 nínú 5. Ilé ìtajà, 2: ọ̀kan fún obìnrin orí fóònù, ọ̀kan fún ọmọkùnrin abẹ́ tábìlì. Ọ̀rọ̀ ìrànwọ́ tó wà lábẹ́ irinṣẹ́ Angle ní kí èèyàn yan àmì mẹ́ta tàbí ìlà méjì, kò sọ apá ibi tó yẹ kó yí sí. Ọjọ́ tí wọ́n bá kọ ọ́ síbẹ̀, mo máa wá sọ 3 yẹn di 5.