Òkìrìkà àbí tuntun? Bàtà, àgọ́ àti báàgì fún ẹni tó fẹ́ máa gun òkè

Ẹ jẹ́ n sọ ọ́ tààrà kẹ́ ẹ tó lọ náwó. Nínú gbogbo ẹrù téèyàn ń gbé lọ sórí òkè, àwọn kan wà tí òkìrìkà wọn dáa ju tuntun tẹ́ ẹ máa rí rà lórí íntánẹ́ẹ̀tì lọ fíìfíì, àwọn kan sì wà tó jẹ́ pé bí wọ́n bá fún yín lọ́fẹ̀ẹ́ pàápàá, ẹ dá a padà. Ọ̀pọ̀ èèyàn rò pé orúkọ tí wọ́n kọ sára ẹrù ni wọ́n fi ń mọ ojúlówó, irọ́ ni, ọjọ́ orí ẹ̀ ni kẹ́ ẹ máa wò. Ẹrù tẹ́ ẹ rí ní ọjà Katangua tàbí ti Yábàá l'Ékòó, ó ti lè wà nínú kọ́bọ́ọ̀dù ẹnì kan lókè òkun fún ọdún mélòó kan, kí wọ́n tún wá dì í mọ́ inú bélì, ìyẹn ìdì ńlá, kó wọ kọ̀ǹténà, kó jókòó sí wáàfù, ooru lọ́tùn-ún, ọ̀rinrin lósì. Awọ ń fara dà á. Náílọ́ọ̀nù tó nípọn náà ń fara dà á. Fóòmù inú bàtà àti nǹkan tí wọ́n fi ń kun aṣọ kí omi má baà wọ̀ ọ́, àwọn yẹn ni ò lè fara dà á.

Mi ò mọ èyí tẹ́lẹ̀ o. Orí òkè Ìdànrè ni mo ti kọ́ ọ.

Bàtà

Mo ra búùtù kan lọ́wọ́ olókìrìkà, awọ gidi, okùn ẹ̀ pé, iye tí mo san ò tó ìdá kan nínú mẹ́rin iye tí wọ́n ń ta tuntun ẹ̀. Ẹni tó tà á fún mi gbá ìsàlẹ̀ ẹ̀ mọ́ tábìlì gbàgà, ó ní, "Kọ́sítómà, ti Jámánì ni o, èyí ò lè já láéláé, ọmọ yín ló máa jogún ẹ̀." Mo rẹ́rìn-ín, mo sanwó. A gun àtẹ̀gùn Ìdànrè yẹn, àtẹ̀gùn tó lé ní 600, a dé ìlú àtijọ́ lókè níbi táwọn ará Ìdànrè ń gbé kí wọ́n tó sọ̀ kalẹ̀, a wo ààfin, a jẹun, kò sí wàhálà kankan. Ìgbà tá à ń bọ̀ nísàlẹ̀ ni ọ̀rẹ́ mi tó wà lẹ́yìn ní kí n dúró, pé nǹkan dúdú kan ń dà sílẹ̀ níbi tí mo bá gbẹ́sẹ̀ kúrò, bí èlùbọ́ tí wọn ò kù. Kí n tó bẹ̀rẹ̀ wò ó, ìsàlẹ̀ bàtà ọ̀tún ti ṣí láti gìgísẹ̀ dé iwájú, ó lanu sílẹ̀ bí ọ̀nì. Okùn àgọ́ la fi dì í. Ìyá kan tó ru igi ń bọ̀ lẹ́yìn wa, sìlípáàsì rọ́bà ló wà lẹ́sẹ̀ tiwọn, wọ́n wò mí láti òkè délẹ̀, wọ́n ní, "Pẹ̀lẹ́ o, ọmọ mi. Ṣé bàtà yẹn ló ń gbé ẹ àbí ìwọ lò ń gbé e?" Mo ní ẹ ṣé mà. Wọ́n kọjá lára mi, wọ́n bá tiwọn lọ.

Ohun tó ṣẹlẹ̀ nìyí. Fóòmù tó wà láàárín awọ òkè àti rọ́bà ìsàlẹ̀, oríṣi méjì ló wọ́pọ̀, ọ̀kan ni polyurethane tí wọ́n ń pè ní PU, èkejì ni EVA. PU ló wúwo jù, òun ló sì ń pẹ́ jù lábẹ́ ẹni tó ń fẹsẹ̀ rìn dáadáa, ìdí nìyẹn tó fi wà nínú ọ̀pọ̀ búùtù olówó ńlá, àmọ́ ọ̀rinrin inú afẹ́fẹ́ máa ń tú u láti inú, wẹ́rẹ́wẹ́rẹ́, tí bàtà bá ti lò tó ọdún márùn-ún sí mẹ́wàá látìgbà tí wọ́n ti ṣe é ó lè dédé fọ́, ì báà jẹ́ pé ẹsẹ̀ kan ò wọ̀ ọ́ rí. Èyí tí wọ́n tọ́jú pamọ́ sínú páálí gan-an ló ń kú jù. EVA kì í tú báyẹn, tiẹ̀ ni pé ó ń tẹ́, kò ní fò padà mọ́, ẹsẹ̀ yín á bẹ̀rẹ̀ sí í mọ gbogbo òkúta lọ́kọ̀ọ̀kan.

Torí náà tó bá jẹ́ búùtù òkìrìkà lẹ fẹ́, ẹ fi èékánná tẹ fóòmù yẹn dáadáa níwájú ẹni tó ń tà á, tí ojú èékánná bá dúró síbẹ̀ tí kò padà, tàbí tó ń lẹ̀ mọ́ yín lọ́wọ́, tàbí tẹ́ ẹ rí ìlà tín-ín-tín bíi ti amọ̀ tó gbẹ, ẹ gbé e sílẹ̀. Ẹ ká iwájú bàtà náà sẹ́yìn lẹ́ẹ̀mẹwàá, kí olówó ọjà bínú tó bá fẹ́ bínú. Ẹ wo inú ahọ́n bàtà, ọ̀pọ̀ wọn ló ní bébà kékeré tí oṣù àti ọdún tí wọ́n ṣe é wà lára ẹ̀. Ṣúmékà tó mọṣẹ́ lè bá yín gé gbogbo fóòmù yẹn kúrò kó fi rọ́bà tuntun sí i kó rán an yípo, wọ́n bá mi ṣe tèmi, ó wúwo bí ẹ̀ṣẹ̀, oko ni mo ń wọ̀ ọ́ lọ báyìí.

Ṣùgbọ́n ìbéèrè tí mo rò pé ó yẹ kó ṣáájú ni pé ṣé búùtù gan-an lẹ nílò? Fún òkè tiwa níhìn-ín, èmi ò rò bẹ́ẹ̀. Ẹ fi búùtù tó ga dé ọrùn ẹsẹ̀, tó ní Gore-Tex nínú, ìyẹn aṣọ tí omi kì í gbà wọlé, sẹ́gbẹ̀ẹ́ kánfáàsì olójú nẹ́ẹ̀tì tí wọ́n ń pè ní trail shoe. Ní Ẹ̀rìn-Ìjẹ̀ṣà, níbi tí omi Olúmirin ti ń já bọ́ ní ìpele méje, kò sẹ́ni tó máa débẹ̀ tí ẹsẹ̀ ẹ̀ ò ní wọ omi. Omi tó bá gba ọrùn wọ inú búùtù Gore-Tex, ibẹ̀ ló ń gbé, ohun tí kò jẹ́ kó wọlé náà ni ò ní jẹ́ kó jáde, ẹ ó máa gbọ́ pọ̀rọ̀-pọ̀rọ̀ títí dé mọ́tò. Kánfáàsì nẹ́ẹ̀tì á da omi ẹ̀ nù, wákàtí kan nínú oòrùn ó ti ń gbẹ. Ibi tí búùtù ti borí ni tí ẹrù ẹ̀yìn yín bá wúwo gan-an, tàbí tẹ́ ẹ bá fẹ́ gba inú igbó tó ní ẹ̀gún, tàbí tí ọrùn ẹsẹ̀ yín ti rọ́ rí. Àti pé ìsàlẹ̀ bàtà ṣe pàtàkì ju ara ẹ̀ lọ, orí àpáta tó ní ewéédò lára, rọ́bà tó rọ̀ ló ń dì í mú, rọ́bà líle olójú ńláńlá á kàn máa yọ̀ ni.

Èyí tẹ́ ẹ bá mú nínú méjèèjì, ìrọ̀lẹ́ ni kẹ́ ẹ lọ wọ̀ ọ́ wò torí ẹsẹ̀ ti wú díẹ̀ nígbà yẹn, kí àyè tó fẹ̀ tó àtàǹpàkò wà níwájú ọmọ ìka tó gùn jù. Ẹni tí bàtà ẹ̀ fún, bó bá ń gòkè kò ní mọ̀, ìgbà tó bá ń sọ̀ kalẹ̀ ni gbogbo ìka á máa kan iwájú, èékánná á dúdú, á ṣí kúrò.

Àgọ́

Níbí, èmi ò ra òkìrìkà mọ́. Nǹkan kan náà tó pa bàtà mi ló ń pa àgọ́, oje tí wọ́n kùn sínú ẹ̀ kí omi má baà wọlé máa ń tú tó bá pẹ́ ní ká, á máa lẹ̀ mọ́ ara wọn, á sì ní òórùn kan bíi ti èébì ọmọ ọwọ́. Tí olówó ọjà ò bá jẹ́ kẹ́ ẹ tú u sílẹ̀ kẹ́ ẹ fimú sí i, ẹ mọ ohun tó ń fi pamọ́.

Nínú tuntun, oríṣi méjì lẹ máa bá pàdé. Èyí tó ń fò ṣí fúnra ẹ̀ tó jẹ́ aṣọ kan ṣoṣo, òun ni olówó pọ́ọ́kú, òun làwọn èèyàn sì ń rà torí pé kò ní wàhálà. Èkejì jẹ́ aṣọ méjì, nẹ́ẹ̀tì nínú, ìbòrí òjò lókè, ẹ sì máa fi ọ̀pá gbé e dúró. Ìyàtọ̀ wọn kì í hàn ní ṣọ́ọ̀bù, ààjìn òru ló ń hàn. Èémí èèyàn méjì nínú àgọ́ aláṣọ kan, nínú ọ̀rinrin tiwa yìí, gbogbo ẹ̀ á di omi lára ògiri, á máa kán sí yín lójú, ẹ ó jí rò pé òjò ló wọlé. Aláṣọ méjì, omi yẹn máa gbára jọ sára aṣọ ìta, nẹ́ẹ̀tì inú á gbẹ, atẹ́gùn á wọlé, ẹ̀fọn ò ní wọlé. Tí kò bá sójú òjò, ẹ yọ ìbòrí kúrò pátá, kẹ́ ẹ sùn sínú nẹ́ẹ̀tì nìkan, ẹ ó gbádùn.

Ẹ wo nọ́ńbà mm tí wọ́n kọ sára ẹ̀, ìyẹn bí omi á ṣe ga tó lórí aṣọ náà kó tó jò wọlé. 1,500 mm lè gba òjò wẹ́wẹ́, àmọ́ òjò Oṣù Kẹfà tó ń fi pàṣán na nǹkan, 3,000 mm ni kẹ́ ẹ wá, ní pàtàkì fún ìsàlẹ̀ àgọ́ tẹ́ ẹ máa sùn lé. Ọ̀pá alumíníọ̀mù dáa ju ti fáíbà lọ, ti fáíbà máa ń là, ẹ̀gún ẹ̀ á wọ yín lọ́wọ́, tí owó ò bá sì tó ẹ ra fáíbà náà kẹ́ ẹ fi sẹ́lótéèpù tó lágbára dání. Àgọ́ tí wọ́n bá kọ "ènìyàn méjì" sí lára, ènìyàn kan àti báàgì ẹ̀ ni.

Nǹkan kan wà tí àwọn tó ń kọ̀wé nípa àgọ́ lókè òkun kì í sọ torí koríko ni wọ́n ń pàgọ́ sí. Àpáta ni tiwa. Ẹ lọ sí Adó-Awáyé níbi tí adágún Ìyákẹ̀ wà lórí òkè, ẹ gbìyànjú kẹ́ ẹ kan èèkàn mọ́lẹ̀, ẹ ó kàn tẹ èèkàn yín wọ́ ni. Torí náà àgọ́ tó lè fi ọ̀pá ẹ̀ nìkan dúró láìsí èèkàn ni kẹ́ ẹ rà, kẹ́ ẹ wá fi okùn so igun ẹ̀ mọ́ òkúta ńlá. Àwọn àgọ́ fúyẹ́fúyẹ́ kan wà tó jẹ́ pé ọ̀pá ìrìnnà ni wọ́n fi ń gbé wọn ró, wọ́n dùn-ún gbé lóòótọ́, àmọ́ láìsí èèkàn, aṣọ lásán ni wọ́n.

Báàgì

Òkìrìkà! Ẹ má wulẹ̀ náwó sí tuntun. Báàgì tó ní ìgbànú ìbàdí tó nípọn, èyí tó ń gbé ẹrù kúrò léjìká sórí egungun ìdí, wọ́n pọ̀ nínú bélì, àwọn tó ń tà á ò sì mọ ohun tó jẹ́, báàgì iléèwé ni wọ́n ń pè é, iye báàgì iléèwé náà ni wọ́n ń tà á. Ẹ fa gbogbo síìpù lọ bọ̀, ẹ ki ìdè ike bọ ara wọn kẹ́ ẹ gbọ́ kó ró kà, ẹ tẹ èjìká ẹ̀ wò. Tí inú ẹ̀ bá ń bó bí ara aláàárẹ̀, ìyẹn ò pa á lára púpọ̀, ẹ gbọn ọ́n dànù, kẹ́ ẹ wá tẹ́ náílọ́ọ̀nù dúdú tí wọ́n ń da ilẹ̀ sí sínú ẹ̀ kẹ́ ẹ tó kó ẹrù sí i, kò sóhun tó ń dáàbò bo aṣọ lọ́wọ́ òjò tó ìyẹn, ó dáa ju ìbòrí báàgì tí atẹ́gùn ń gbé lọ. Ìwọ̀n lítà 25 sí 30 tó fún àlọ-àbọ̀ ọjọ́ kan, 45 fún òru méjì. Ẹ má ra ti 70, ẹ ó kó ẹrù kún un.

Aṣọ àti ibùsùn

Jẹ́síìsì bọ́ọ̀lù òkìrìkà lèmi ń wọ̀, ó ń gbẹ kíákíá, kò wúwo. Jíǹsì rèé, tó bá ti mu omi, àfi bíi pé ẹ gbé ọmọ ọdún méjì sẹ́sẹ̀. Fún òjò, ẹ̀wù òjò àwọn ọlọ́kadà tó gbòòrò yẹn borí jákẹ́ẹ̀tì òkìrìkà, torí abẹ́ ẹ̀ ṣí sílẹ̀, atẹ́gùn ń gbà á kọjá, ó sì tún ń bo báàgì ẹ̀yìn, nígbà tí jákẹ́ẹ̀tì òkìrìkà jẹ́ pé inú ẹ̀ á ti máa bó, òógùn á mú yín nínú ẹ̀, òjò á tún wọlé.

Sleeping bag, ìyẹn àpò téèyàn ń sùn sínú ẹ̀, tó kún ìsọ̀ òkìrìkà, ilẹ̀ olótùútù ni wọ́n ṣe wọ́n fún. Ní Ìdànrè tàbí Adó-Awáyé, bí kì í bá ṣe ìgbà ọyẹ́, ìró kan àti aṣọ alápá gígùn ti tó. Ẹni tó ń lọ Obúdú, tó ga tó nǹkan bíi 1,600 mítà, tàbí orí òkè Máńbílà ní Tàràbà, ìyẹn ni kó rà á, òkìrìkà ẹ̀ náà dáa tẹ́ ẹ bá fọ̀ ọ́ tẹ́ ẹ sá a sóòrùn ọjọ́ méjì. Ẹní fóòmù tó ń ká roboto dáa ju èyí tí wọ́n ń fẹ́ atẹ́gùn sí lọ lórí àpáta, kò rọ̀ tó o, àmọ́ kò lè jò láàárín òru.

Omi

Lítà mẹ́ta fún ẹnì kan ni mo máa ń gbé lọ Ìdànrè, ìyẹn piọ́wọ́tà mẹ́fà, ó dáa ju ìgò irin olówó gọbọi lọ torí bẹ́ ẹ ṣe ń mu ún lẹrù ń dínkù, kẹ́ ẹ sáà kó náílọ́ọ̀nù ẹ̀ bọ̀ nílé. Tẹ́ ẹ bá fẹ́ sùn lókè tẹ́ ẹ sì máa bu omi ìṣàn, ohun méjì ni kẹ́ ẹ fi wéra. Asẹ́ kékeré oníhò tín-ín-tín, 0.1 micron, máa mú kòkòrò àìsàn tí wọ́n ń pè ní bakitéríà àti ẹyin aràn, omi ẹ̀ á mọ́ lójú, àmọ́ fáírọ́ọ̀sì kéré ju ihò yẹn lọ. WaterGuard, oògùn tí wọ́n ń kán sínú omi, lè pa fáírọ́ọ̀sì, kò wọ́n, àmọ́ ẹ máa dúró ọgbọ̀n ìṣẹ́jú, tí omi bá sì rú kò ní ṣiṣẹ́ dáadáa. Èmi ń fi aṣọ sẹ́ ẹ, mo ń fi asẹ́ sẹ́ ẹ, mo wá ń kán WaterGuard sí i. Asẹ́ òkìrìkà, ẹ má dán an wò rárá, ẹ ò mọ ohun tó hù nínú ẹ̀.

Iná

Fóònù kì í ṣe tọ́ọ̀ṣì, ẹ nílò ọwọ́ méjèèjì láti sọ̀ kalẹ̀ nínú òkùnkùn. Tọ́ọ̀ṣì orí ni kẹ́ ẹ rà, tuntun, 200 sí 300 lumen, ìyẹn ìwọ̀n ìmọ́lẹ̀ ẹ̀, ti tó, èyí tí wọ́n bá kọ 100,000 sí lára ẹ̀ ń purọ́. Oníbátìrì AAA ni mo fẹ́ràn ju ti ṣájà lọ torí kò síbi tẹ́ ẹ máa ti rí iná fi sí lókè, bátìrì mẹ́ta ò sì wúwo. Kẹ́ ẹ tó dì í sínú báàgì, ẹ yí bátìrì kan sódì, kí ó má lọ tan fúnra ẹ̀ lójú ọ̀nà.