Ẹ̀wù ogun oníbátìrì tí wọ́n fi fóòmù ṣe fún wa l'Ádó

Ẹ̀yin ará ilé, àwa mẹ́rin kan là ń ya fíìmù kékeré ní Èkìtì níbí, ìtàn ọjọ́ iwájú ni, àwọn ọmọ-ọmọ àwọn tó ja ogun Kírìjí ló ń ṣọ́ àwọn òkè wa nínú ẹ̀wù ogun tó ní ẹ́ńjìnnì, tẹ́ni tó bá wọ̀ ọ́ lè dá àpáta gbé. Ìgbà tá ò ríbi tí wọ́n ti ń tà á la bá gbéṣẹ́ fún bọ̀ọ̀dá kan tó ní ṣọ́ọ̀bù lágbègbè Fájuyì, fóòmù ló fi ń ṣe gbogbo ẹ̀, irú èyí tí wọ́n fi ń ṣe àtẹ̀lẹ̀ sílípáàsì. ₦85,000 ni, a san ìdajì sílẹ̀, ó ní ọ̀sẹ̀ mẹ́ta, ó di márùn-ún.

Èyí tó wú mi lórí jù ni pé mo sọ fún un pé mi ò fẹ́ èyí tó máa jọ ti òyìnbó inú géèmù, mo wá fi fọ́tò gbérí ọdẹ bàbá bàbá mi hàn án, èyí tó ní owó ẹyọ àti àdó wẹẹrẹ lára. Ṣé ẹ mọ̀ pé nígbà Kírìjí, àwọn Èkìtìparapọ̀ wọ oògùn sára, wọ́n sì tún gba ìbọn ìgbàlódé táwọn ọmọ wa tó wà l'Ékòó fi ránṣẹ́, àwọn méjèèjì ni wọ́n jọ lò. Bọ̀ọ̀dá wo fọ́tò yẹn títí, ó ní "Àbúrò, àwọn àdó yìí gan-an ni bátìrì yín". Háà! Àdó méjìlá ló tò sáyà ẹ̀wù náà, iná búlúù wà nínú ìkọ̀ọ̀kan, pawabáǹkì tó wà lẹ́yìn ló ń gbé wọn. Tílẹ̀ bá ń ṣú lábẹ́ òkè Olósùnta ní Ìkẹ́rẹ́ táwọn àdó yẹn tàn, ẹ ò lè mọ̀ pé fóòmù ni. Bàbá àgbà kan tó ń ti oko bọ̀ dúró, wọ́n ní ṣé ayẹta ni, mo ní bẹ́ẹ̀ ni bàbá, ti ọjọ́ iwájú ni.

Ọ̀dà ẹ̀ ò bó, gọ́ọ̀mù ẹ̀ ò tú.

Ibi tó kù sí ni pé èjìká nìkan ló fi gbogbo ìwúwo ẹ̀ kọ́, ọmọ tó wọ̀ ọ́ ò lè gbé ọrùn dáadáa lọ́jọ́ kejì. Ohun tó sì ń da àwọn tó ń ṣe ojúlówó ẹ̀ láàmú náà nìyẹn o. Ilé iṣẹ́ General Electric l'Amẹ́ríkà bẹ̀rẹ̀ Hardiman, ẹ̀rọ tí èèyàn máa wọ̀ bí ẹ̀wù kó lè gbé ẹrù tó wúwo, ní 1965, 680 kílò ló wúwo, apá kan ṣoṣo ló padà ṣiṣẹ́ dáadáa, tí wọ́n bá tan gbogbo ẹ̀ ṣe ló máa ń jà wìrìwìrì, wọn ò jẹ́ kí èèyàn wà nínú ẹ̀ rárá. TALOS, ẹ̀wù ogun táwọn ológun wọn bẹ̀rẹ̀ ní 2013, wọ́n pa á tì ní 2019. HULC, ẹ̀rọ àwọ̀sára tí ilé iṣẹ́ Lockheed Martin ṣe fún sójà, ló fi ọgbọ́n sí i, irin ẹsẹ̀ ẹ̀ ló ń gbé ẹrù lọ sílẹ̀, kì í jẹ́ kó wà lẹ́yìn sójà. Torí náà, ẹni tó bá fẹ́ ṣe tiẹ̀, ẹ ní kó fi bẹ́líìtì tó nípọn gbé e sí ìbàdí, ẹ má gbà fún èjìká.

Ìgbọ̀nwọ́ ẹ̀ náà ò ká. Ìgbà tá a sinmi jẹun ní Ìkẹ́rẹ́, iyán ń gbóná níwájú ọmọ ọlọ́mọ, ọwọ́ ò dé ẹnu, àwa méjì la jọ bọ́ apá yẹn kúrò. Akoto ẹ̀ sì mú ooru gan-an, àfìgbà tá a dá ihò sí ìpàkọ́ ẹ̀ tá a fi fáànù kékeré inú kọ̀ǹpútà sí i.

Mo pe bọ̀ọ̀dá, kò bá mi jà, ó ní ká gbé e wá. Ó gé ìgbọ̀nwọ́ yẹn sí ìpele ìpele bí ìpẹ́ akika, ọ̀kan ń wọ abẹ́ èkejì, ó ti ń ká báyìí, owó gọ́ọ̀mù nìkan ló gbà, ₦3,000. Oníṣẹ́ tó máa gbọ́ àléébù iṣẹ́ ẹ̀ láìbínú ṣọ̀wọ́n, mo dúpẹ́ lọ́wọ́ ẹ̀ gidi.

A ti gbé ìkejì fún un, ti ọmọbìnrin tó máa ṣe balógun wa, ìbàdí ẹ̀ sì ni mo ní kó kọ́kọ́ wọ̀n.