WinSCP: ó tó fún server Linux, FTP àti S3, àmọ́ ẹ ṣọ́ Synchronize

Ẹni tó jókòó sídìí Windows ní ọ́fíìsì, tí fáìlì rẹ̀ wà lórí Linux, lórí server FTP àtijọ́ kan àti lórí S3 (ibi ìpamọ́ fáìlì Amazon), kò nílò ètò mẹ́ta. WinSCP, ètò tó ń gbé fáìlì láàárín kọ̀ǹpútà yín àti server, tó o. Ọ̀fẹ́ ni, orí Windows nìkan ló sì ti ń ṣiṣẹ́. SMB, ọ̀nà tí Windows fi ń pín fódà, ni kò mọ̀. Fódà tí Windows Server bá pín fún òṣìṣẹ́, File Explorer ni kí ẹ fi ṣí i, nínú nẹ́tíwọ́ọ̀kì ọ́fíìsì tàbí gba inú VPN. Ẹ má ṣí port 445, ẹnu ọ̀nà SMB, sí íntánẹ́ẹ̀tì láéláé.

Fún Linux, ẹ mú SFTP (ọ̀nà ìgbé-fáìlì tó ní ààbò), port 22. Fáìlì kọ́kọ́rọ́ tí ẹ fi ń wọlé dára ju páswọ́ọ̀dù lọ. Bó bá jẹ́ ti OpenSSH, irú tó wọ́pọ̀ lórí Linux, WinSCP á ní kí òun yí i sí .ppk, irú tí òun ń lò; ẹ gbà fún un. Ní ìgbà àkọ́kọ́ á fi fingerprint (àmì ìdánimọ̀) server hàn yín. Ẹ bi ẹni tó ń tọ́jú server náà ní tiẹ̀, kí ẹ fi wéra kí ẹ tó gbà.

Ohun tó mú kí n fẹ́ràn rẹ̀ jù ni .filepart, orúkọ tó ń fi kún fáìlì tí kò tíì dé tán. Fáìlì tó ju 100 KB lọ, orúkọ yìí ló fi ń gbé e lọ lórí SFTP. Bí nẹ́tíwọ́ọ̀kì bá já nígbà tí báckọ́ọ̀pù 4 GB ti dé ìdajì, ibẹ̀ náà ló ti máa tẹ̀ síwájú. Ṣùgbọ́n bó bá parí, fáìlì tuntun ló rọ́pò ti àtijọ́, nítorí náà ẹ̀yin lẹ di oní-fáìlì, kì í ṣe www-data (orúkọ tí ètò ìkànnì ń lò lórí Linux) mọ́. Bí ìkànnì bá kọ̀ láti kọ nǹkan sínú rẹ̀ lẹ́yìn ìyẹn, ìdí rẹ̀ nìyẹn. Ẹ pa .filepart ní Transfer, Endurance, fún irú fáìlì bẹ́ẹ̀.

Bí WinSCP bá sọ pé fáìlì ti dé àmọ́ permission tàbí timestamp kò ṣeé fi sí i, ẹlòmíràn ló ni fáìlì náà. Ẹ yọ àmì kúrò ní Preserve timestamp.

“bad interpreter: /bin/bash^M” kì í ṣe ẹ̀bi server. Àmì ìparí ìlà ti Windows ló wà nínú script (fáìlì àṣẹ) yín. Ẹ fi Text mode gbé e lọ, tàbí kí ẹ lo dos2unix, àṣẹ tó ń tún àmì yẹn ṣe, lórí server. Zip àti àwòrán, Binary ni o. Text á bà wọ́n jẹ́.

Synchronize, tó ń mú kí fódà orí kọ̀ǹpútà àti ti server bára mu, ló léwu jù. Bí ẹ bá fi àmì sí Delete files tí ẹ sì ṣi ẹ̀gbẹ́ tí fáìlì ń lọ yàn, fáìlì tó wà lórí server nìkan á pòórá. Ẹ fi Preview changes sílẹ̀ ní títàn, kí ẹ sì ka gbogbo ìlà rẹ̀ kí ẹ tó tẹ OK.