Ike tí mo ra fún ẹrù iṣẹ́ ọwọ́ mi àti orúkọ tí mo fi vinyl lẹ̀ mọ́ wọn

Ẹ̀yin tẹ́ ẹ ń sín ìlẹ̀kẹ̀ tàbí tẹ́ ẹ ń ránṣọ, ẹ mọ bó ṣe máa ń rí téèyàn bá ń wá síìpù kan ṣoṣo tó wá ní láti da gbogbo àpò sílẹ̀. Ó ti sú mi. Ni mo bá ra ike 24, èyí tó mọ́ gaara tó ń to léra wọn, mo ra vinyl, ìyẹn ọ̀rá pẹlẹbẹ tó ní gọ́ọ̀mù lẹ́yìn, mo sì fi ẹ̀rọ gé orúkọ ohun tó máa wà nínú ìkọ̀ọ̀kan.

Ike yẹn fúnra ẹ̀ dáa gan-an. Ọ̀kan jábọ́ látorí tábìlì, ìdérí ẹ̀ ò ṣí, ìlẹ̀kẹ̀ kan ò dànù. Ibi tí wàhálà ti dé ni orúkọ tí mo lẹ̀. Kò tíì pé ọ̀sẹ̀ kan tí etí àwọn lẹ́tà yẹn ti ń ká sókè, mo rò pé vinyl ni ò dáa, àṣé ike ni. Ẹ yí ike yín dà kẹ́ ẹ wo ìdí ẹ̀, ẹ máa rí nọ́ńbà kan láàárín ọfà onígun mẹ́ta, òun ló ń sọ irú ike tó jẹ́. 5 ni polypropylene, gọ́ọ̀mù kì í fẹ́ dì í mú rárá. 1 ni PET, ìyẹn àti ìgò, ó máa ń lẹ̀ mọ́ wọn dáadáa. 16 nínú tèmi ló jẹ́ onínọ́ńbà 5, ẹni tó tà á ò sì sọ nǹkan kan, inú bí mi sí ìyẹn o.

Mo ṣí gbogbo ẹ̀ kúrò, mo fọ ike náà, mo jẹ́ kó gbẹ, mo fi sípírítì nù ún torí òróró ọwọ́ wa nìkan ti tó kó má lẹ̀. Vinyl tí wọ́n ṣe fún kó pẹ́ lára nǹkan ni mo lò, Oracal 651, kì í ṣe 631, ìyẹn wà fún ohun téèyàn máa yọ tó bá yá. Mo fi etí káàdì tẹ̀ ẹ́ mọ́lẹ̀ dáadáa, mi ò fọwọ́ kàn án fún ọjọ́ 2. Ti àwọn onínọ́ńbà 5 yẹn, mi ò gé lẹ́tà lọ́tọ̀ọ̀tọ̀ mọ́, lẹ́tà tínínrín ò ní gọ́ọ̀mù tó pọ̀ lábẹ́, pátákó kékeré kan tí igun ẹ̀ rí roboto ni mo gé, mo wá kọ orúkọ sórí ẹ̀. Oṣù 5 rèé, 2 péré ló tíì ṣí.

Ara ike ni kẹ́ ẹ lẹ̀ ẹ́ mọ́ o, ẹ má lẹ̀ ẹ́ mọ́ ìdérí, torí gbogbo ìdérí ló bára mu, mo ti ṣì í dé rí tí mo fi ìlẹ̀kẹ̀ tí kì í ṣe tiẹ̀ ṣe ẹ̀gbà ọwọ́ títí mo fi débi ìdajì. Ẹ kọ nọ́ńbà ìlẹ̀kẹ̀ sí i pẹ̀lú, "ìlẹ̀kẹ̀ pupa" nìkan ò ṣe nǹkan kan: 6/0 tó nǹkan bíi mílímítà 4, 8/0 bíi 3, 11/0 bíi 2, bí nọ́ńbà yẹn ṣe ń ga ni ìlẹ̀kẹ̀ ń kéré sí i.

Ohun tó máa ń yí pa dà, bíi àjákù lésì, bébà ni mo lẹ̀ mọ́ tiẹ̀. Tẹ́ ẹ bá fẹ́ yọ vinyl, ẹ fẹ́ atẹ́gùn gbígbóná sí i díẹ̀, á ṣí, òróró á yọ gọ́ọ̀mù tó kù.

Mo ṣì fẹ́ ra 8 sí i fún òwú, onínọ́ńbà 1 ni gbogbo ẹ̀ máa jẹ́.